Oṣù Mẹ́jọ Nínú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí ilé ìwé aládàáni tí mo ti ń kọ́ni ní Ẹ̀fọ̀n lé mi. Ọ̀gá tó fọwọ́ sí ìwé náà, èmi ni mo kọ́ ọ ní ABD. Mo fẹ́ lọ sin ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Ìmẹ̀sí, mo sì tọrọ àyè lẹ́nu. Mi ò lè máa kọ lẹ́tà sí ọmọ tí mo ti nu imú fún. Ó ní, "Ẹ máa lọ, mà." Nígbà tí àwọn tó ni ilé ìwé bi í, ó ní òun ò rántí, ni wọ́n bá ní mo sá níbi iṣẹ́.

Mo gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, mo sì borí, torí wọn ò gbọ́ tẹnu mi kí wọ́n tó lé mi. Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti orí owó oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ni lọ́yà wọn bá gbé ìwé tí àwa olùkọ́ máa ń fọwọ́ sí láràárọ̀ kalẹ̀. Tó bá di aago mẹ́jọ, ọ̀gá á fi bírò pupa fa ìlà. Ẹni tó bá fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀ ti pẹ́. Orúkọ mi wà lókè ìlà, ní gbogbo àárọ̀ oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n lé mi.

Òkè-Ìmẹ̀sí ni mo wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìkọ̀wé mi ni.

Adájọ́ ní ẹni tó ń wá síṣẹ́ kò tíì pàdánù iṣẹ́. Ó yọ mẹ́ta. Owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ó ní ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Ó yọ iye oṣù méjì fún owó tí mo rí nídìí kíkọ́ àwọn ọmọ àdúgbò nírọ̀lẹ́. Ó tún yọ ìdá kan nínú márùn-ún èyí tó kù, torí ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀: mi ò kọ lẹ́tà. Ó ku mẹ́jọ.

Àárọ̀ ni mo lọ gbowó náà lọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé. Ìkùukùu ti bo pápá ìṣeré. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn.

"Ta lo ní kó máa bá mi fọwọ́ sí ìwé?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà. Ẹ máa ń kí mi. Ẹ kì í dúró gbọ́ ìdáhùn."

Ó ṣí ìwé ti ọdún yìí. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ti àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

"A ti sanwó fún yín." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ fún èkejì yín yẹn kó má wá mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ti ń dìde kí i."

Mo ka owó mi, ó pé.

"Oṣù mẹ́ta péré ni adájọ́ yọ nítorí rẹ̀," mo ní. "Ó ti ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá bí ẹ ó ṣe san tirẹ̀."

Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo gbà jáde, kí n má baà kọjá níwájú kíláàsì kẹta.