Ẹnu Tí Ọkọ̀ Hobart Fi Ń Mí

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ ni tọ́rọ́tù ọkọ̀ Hobart há. Arvella Stidham, opó Hobart, ti sáré dé òpin pápá eré ọkọ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò gbọ́. Ńṣe ló ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta náà kò lọgun. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó pa á, ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ pupa náà máa yí lọ títí ó fi dúró sínú yanrìn.

Tọ́rọ́tù kì í ṣe nǹkan bàbàrà lójú. Páìpù kúkurú ni, abẹ́bẹ̀ irin kan sì wà nínú ọ̀fun rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹná, abẹ́bẹ̀ a ṣí, afẹ́fẹ́ a wọ inú ẹ́ńjìnnì; bí ẹsẹ̀ bá kúrò, a padé. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń mí. Èyí ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọ̀pá tó gbé abẹ́bẹ̀ rẹ̀ dúró ti jẹ tán, kò sì jẹ́ kó padé mọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú yanrìn ni Dorsey Mullins, tí òun àti Hobart ti jọ ń du pápá Laurel Gap láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ṣì dúdú. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé.

"Ìyàwó Hobart, Ọlọ́run ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yẹn. Tà á fún mi kó tó pa ọ́."

"Bí Ọlọ́run bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá mi sọ, Dorsey, kò ní rán ẹni tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí Dorsey ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ̀ náà, láti ọjọ́ ìsìnkú Hobart gan-an, ó sì ti sú Arvella. Ó ní kí wọ́n jọ sáré ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí pápá bá fẹ́ tì fún ìgbà òtútù. Bí Dorsey bá borí, kó máa gbé ọkọ̀ lọ. Bí òun bá borí, kó má ṣe dárúkọ ọkọ̀ náà mọ́ láéláé. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ní àfonífojì tiwa, ọ̀rọ̀ tí a bá fi bọwọ́ kò ní ìyípadà.

Keenan, ọkọ ọmọ rẹ̀, ló wá rọ̀ ọ́ pé kó ra tọ́rọ́tù tó gbòòrò, alágbára, àádọ́rùn-ún mìlímítà. Ó ní bí ẹnu bá ṣe gbòòrò tó ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí tó. Àwòrán rẹ̀ ń dán nínú ìwé ọjà bí abọ́ ìgbéyàwó. Arvella ní òun á gbàdúrà sí i, ó sì wọ yàrá lọ.

Àmọ́ àdúrà náà kò wá. Ọgbọ̀n ọdún ni Hobart fi ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú, eruku rẹ̀ ló sì dí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pa. Arvella gbààwẹ̀. Ìjọ gbé ọwọ́ lé ọkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tọrọ kò ju èémí lọ, èémí tí Ọlọ́run ń fún ológoṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Hobart kú lọ́jọ́ Túsìdeè kan, ojú ọjọ́ sì dára. Láti ìgbà náà, Arvella ṣì ń kọrin, ó ṣì ń dá ìdá mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bó bá kúnlẹ̀, nǹkan kékeré ló máa ń bèèrè, bí ẹni tó fẹ́ yá iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò tó ti kọ̀ fún un rí. Báwo ni yóò ṣe wá lọ bá Ẹni tí kò dá Hobart lóhùn, kó ní irú ẹnu wo ni kí òun rà fún ẹ́ńjìnnì kó lè máa mí? Ó dìde. Ó ní kí Keenan ra ohun tó wù ú.

Wọ́n dè é, wọ́n sì gbé ọkọ̀ lọ sí pápá láti dán an wò. Ọkọ̀ náà fò bí ẹṣin tí oyin ta. Eré àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú-àáyá 12.19. Inú Keenan dùn débi pé ó ju fìlà sókè. Eré kejì, 12.47. Ẹ̀kẹta, 12.30. Bí ẹsẹ̀ Arvella bá kan iná díẹ̀, ọkọ̀ á ta gìrì. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ní Laurel Gap, kì í ṣe ẹni tó yára jù ló ń jẹ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù a fi pólíìṣì bàtà funfun kọ iye tí ọkọ̀ rẹ̀ máa lò sára gíláàsì. Ẹni tó bá kọ iye tó pọ̀ jù ni iná ìbẹ̀rẹ̀ eré máa kọ́kọ́ tú sílẹ̀, kí èkejì máa lé e, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé òpin ló jẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá yára ju ohun tí o kọ lọ, o ti pàdánù nìyẹn. Ẹni tó fọ́nnu ò ní lè bá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bu ara rẹ̀ kù láti fi tan ẹnìkejì, pápá lè tú u fó. Ọkọ̀ tó bá ń ṣe oríṣi mẹ́ta lọ́jọ́ kan, kí ni olówó rẹ̀ fẹ́ kọ?

Òwúrọ̀ Sọ́ńdè ló wá yé Arvella. Ó ń ṣe bísikíìtì fún oúnjẹ àárọ̀ ìjọ, ìyẹn èyí tiwa tó rọ̀ bíi búrẹ́dì, ó sì ń fi agolo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ gé ìyẹ̀fun pípò náà ní róbótó róbótó. Lójijì ó dá ọwọ́ dúró. Ó jáde pẹ̀lú agolo náà àti ìyẹ̀fun títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó ní kí Keenan, tó wá gbé oúnjẹ, bá òun tú tọ́rọ́tù sílẹ̀.

Ó ti agolo bọ ẹnu ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì gan-an. Ó ṣe rẹ́gí. Ó tì í bọ inú tọ́rọ́tù ńlá náà. Agolo ń mì dìgbàdìgbà.

"O rí i? Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá gbòòrò ju ọ̀fun rẹ̀ lọ, àyà ló máa ń da ọbẹ̀ sí."

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ọ̀fun náà nígbà yẹn, Màmá."

"Tá a bá pààrọ̀ ọ̀fun, ikùn ńkọ́? Tá a bá pààrọ̀ ikùn, ẹsẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ Hobart ni mo fẹ́ pa mọ́, Keenan. Mi ò fẹ́ fi ọwọ́ ara mi rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, òun fúnra rẹ̀ lọ sí sọ́ọ̀bù Vestal, bàbá arúgbó tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ eré. Ó bèèrè èyí tó jẹ́ mìlímítà márùndínlọ́gọ́rin, tó bá agolo rẹ̀ mu. Mẹ́ta ló wà. Ó gbé èyí tó ń dán jù sójú fèrèsé, ó pa abẹ́bẹ̀ rẹ̀ dé. Kò padé tán; ìmọ́lẹ̀ yọ létí rẹ̀ bí oṣù tuntun. Ó gbé e sílẹ̀. Abẹ́bẹ̀ ti ẹ̀kejì máa ń fà tìkọ̀ kó tó padé, ó sì mọ ibi tí irú ìyẹn ti gbé òun lọ rí, inú yanrìn. Ẹ̀kẹta rí bí eérú, kò wu ojú rárá, ṣùgbọ́n bó ti padé, òkùnkùn dé. Bó ti ṣí i, ó lọ wọ́ọ́rọ́ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi epo sí. Ó ṣí i, ó pa á dé, nígbà ogójì. Vestal bi í bóyá àdúrà ló ń gbà sí i. Ó ní rárá, òun kàn ń wò ó bóyá á ṣe ohun kan náà nígbà gbogbo ni.

Sátidé tó kẹ́yìn dé. Pásítọ̀ pápá gbàdúrà nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo èèyàn ṣí fìlà. Arvella wá ọ̀rọ̀ tì. Ó ní, "Olúwa, O mọ̀ ọ́n," ó sì ṣe àmín. Eré ìdánwò mẹ́ta tó ti sá ṣáájú fún un ní 12.52, 12.53, 12.52. Keenan ní kó kọ 12.60, kó fi pamọ́ díẹ̀, torí gbogbo ayé mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni Dorsey ń ṣe: á bu ara rẹ̀ kù, á wá tẹ bíréèkì díẹ̀ lópin pápá. Arvella gba pólíìṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ 12.52.

Dorsey kọ 11.40. Ó yọjú láti inú ọkọ̀ tirẹ̀.

"Mo gbọ́ pé kékeré lo rà. Ṣé ọkọ̀ náà ti di arúgbó bíi tìẹ ni?"

"Ọ̀fun rẹ̀ ò yí padà, Dorsey. Kọjú síwájú."

Iná tú u sílẹ̀, ó lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ pátápátá, abẹ́bẹ̀ ṣí gbayawu, ọkọ̀ náà sì ń mí láìta gìrì. Ó gbọ́ ariwo Dorsey lẹ́yìn, ó ń súnmọ́, ó ń súnmọ́, kò wo ẹ̀yìn. Dorsey ò rò pé obìnrin náà máa gbéra dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Bó ti rí i pé òpin ti dé tán tí òun ò tíì bá a, ó gbàgbé bíréèkì. Ó kọjá rẹ̀ díẹ̀ báyìí. Àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́ fún un kí pátákó tó tàn: Arvella, 12.53. Dorsey, 11.38. Ó ti yára ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n gba ìwé àbájáde eré wọn tán, Dorsey wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ohun tí o kọ náà lo ṣe. Bí Hobart náà ṣe ń ṣe nìyẹn, ó sì máa ń bí mi nínú." Ó wo ọkọ̀ pupa náà lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nínú eré tó tẹ̀lé e, Arvella gbéra kí iná tó tú u sílẹ̀, wọ́n sì lé e jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Keenan kò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì nílé, ó fi ìka ti abẹ́bẹ̀ náà. Ó ṣí. Ó padé. Irin rẹ̀ ṣì gbóná. Ó bi Ọlọ́run nípa èémí Hobart, tààrà, láìfi nǹkan kékeré bojú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Túsìdeè yẹn. Kò gbọ́ ìdáhùn kankan. Ó dúró díẹ̀ sí i, bóyá ó máa wá. Lẹ́yìn náà ó mú agolo ìyá rẹ̀, tó ti gba epo ọkọ̀, ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ilẹ̀ ọ̀la ń mọ́ bọ̀, Sọ́ńdè ni, ìjọ sì máa jẹun.