Ife Kan Péré

Nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, tí mo sì rò pé ọgbọ́n ayé ti pé sí mi lórí, ọ̀dọ̀ àǹtí mi tó ń ta bíà ní Òkè-Àfá ni mo ń gbé. Èmi ni mo ń bu bíà fún àwọn oníbàárà. Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni o! Láyé ìgbà yẹn, oníkálukú ló ní ife tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ wa kì í mu nínú ohun tó bá kéré sí ife ńlá tó ní ọwọ́, tó wúwo bí òkúta. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ràn ife tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, ó ní òun fẹ́ máa wò ó bó ṣe ń hó gòkè. Díákónì kan sì wà, ife tíì ni tirẹ̀, pẹ̀lú sọ́sà nísàlẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè rò pé tíì ló ń mu. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé tíì kì í hó báyẹn.

Bàbá káfíńtà kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé gíláàsì kékeré kan wá láti ilé, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, mo fi ọkọ mi sí ẹ lọ́wọ́ o. Ife kan péré lójúmọ́. Ohun tó bá ju èyí lọ, má bù ú fún un."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà."

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé tí bàbá fi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àbúrò, ṣé mo ní kó o bu méjì ni? Ife kan náà ni. Ṣáà wá èyí tó gùn díẹ̀." Ẹ̀rín pa mí. Mo lo ife tíṣà. Nígbà tó yá, ó di ife mẹkáníìkì.

Ọjọ́ tí àwọn àna rẹ̀ fẹ́ wá mọlé nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni tí ìyá rẹ̀ ti gbààwẹ̀ lé lórí títí kó tó rí ọkọ, bàbá yọ sí wa pẹ̀lú agbádá. "Àyà mi ń já, àbúrò. Olówó ni wọ́n. Ife kan péré." Èmi náà, mo fa jọ́ọ̀gì omi yọ, mo da ìgò bíà ńlá méjì sí i. Orí ìdúró ló ti mu ún tán.

Èmi ni mo gbé mínírà lọ sílé wọn fún àlejò, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣojú mi. Ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó ṣe yẹ. Bàbá wò ó, ó sọ agbádá sẹ́yìn, òun náà dọ̀bálẹ̀! "Ẹ káàbọ̀, sà!" Bàbá ọkọ rí àna rẹ̀ nílẹ̀, kò lè dúró, ó dọ̀bálẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyá ìyàwó dúró, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ gbogbo wọn, ìtìjú bò ó. Nígbà tí wọ́n dìde, bàbá ò dìde. Ó ti ń hanrun.

Bàbá ọkọ wá bú sẹ́rìn-ín. "Àna tó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ mi, ó ti fún wa lọ́mọ nìyẹn!" Bí ìgbéyàwó ò ṣe bàjẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá yẹn wá bá mi. "Ife mélòó lo bù fún un?"

"Ọ̀kan, Mà."

Ó ní, "Kì í ṣe ife ni mo fi wọn ọkọ mi. Ìwọ ni." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ayé ti yí báyìí. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń mutí ní Àgọ́ Palace, ife gbogbo wọn rí bákan náà, ìlà wà lára rẹ̀ tó ń fi ibi tí bíà gbọ́dọ̀ dé hàn. Ẹni tó ń bù ú kò mọ ìyàwó ẹni tó ń mu. Mo máa ń sọ fún àwọn àbúrò mi pé tayé ìjọ́un dáa jù. Irọ́ ni mò ń pa o. Ìlà yẹn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ká ní òun ni ìyá yẹn fi ọkọ rẹ̀ sí lọ́wọ́, kò ní já a kulẹ̀.