Ọjọ́ Pátíríìkì Tí Màmá Mi Rí Ọ̀rẹ́

Nígbà tí mo bí ọmọ mi obìnrin, màmá mi wá láti Ìbàdàn wá bá mi wẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn, àmọ́ kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ara kò tu màmá mi. Ní Lithonia tí à ń gbé ní Amẹ́ríkà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, oníkálukú á wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, àdúgbò á dá wáí. Lọ́jọ́ kan màmá mi dúró lẹ́nu fèrèsé, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ènìyàn ń gbé inú àwọn ilé yìí ni, àbí wọ́n kàn kọ́ wọn sílẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Nọ́ọ̀sì ni mí nílé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Morrow. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún dé, wọ́n ní ká mú ẹbí wa wá bá wọn ṣe ọjọ́ Pátíríìkì Mímọ́, ọdún àwọn ará Ireland. Lójú tèmi, eré lásán ni: wọ́n á wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n á po aró mọ́ bíà, wọ́n á sì já ẹni tí kò bá wọ àwọ̀ ewé léèékánná.

Mo sọ fún màmá mi. Ojú wọn là. "Èmi lo ń ròyìn Pátíríìkì fún? Àwọn sístà Kátólíìkì tó kọ́ wa níwèé, Ireland ni wọ́n ti wá! Gbogbo Lẹ́ńtì la fi ń gba ààwẹ̀, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń fún wa lẹ́ran." Wọ́n sì lọ wá ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé nínú àpótí.

Ìyá arúgbó kan wà níbi iṣẹ́ wa tí wọ́n bí sí Ireland gan-an. Láti ìgbà òtútù ni oúnjẹ kò ti wù wọ́n jẹ mọ́. Bí a bá kí wọn, orí ni wọ́n fi ń dáhùn. Lọ́jọ́ ọdún náà, ẹnì kan dé wọn ní fìlà oníbébà. Wọ́n ṣí i, wọ́n gbé e sílẹ̀. Màmá mi sún mọ́ àga oníkẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ kú ọdún o, Mà."

"Ọdún wo? Ariwo lèyí."

"Òótọ́ lẹ sọ. Àwọn sístà wa kì í po aró mọ́ nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń lọ."

Màmá mi wá rọra bẹ̀rẹ̀ orin tí àwọn sístà kọ́ wọn fún ọjọ́ náà. Kí wọ́n tó kọ ọ́ débì kan, ìyá arúgbó ti ń bá wọn gbè é. Omijé ń bọ́ lójú ìyá náà, wọn ò nù ún.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tú jáde. Ìyá arúgbó ní lábúlé àwọn, ìyá àwọn máa ń já ewé wẹ́wẹ́ kan tó pín sí mẹ́ta, á fi há aṣọ àwọn láyà kí àwọn tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí wọ́n ní òun ni Pátíríìkì fi ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan. "Kò sí ilé ọtí tó ń ṣí lọ́jọ́ yẹn! Pátíríìkì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ará ilẹ̀ wa. Wọ́n jí i gbé ní kékeré, wọ́n fi ṣẹrú lọ́dọ̀ wa, ó ń da àgùntàn nínú òtútù. Ó sá lọ. Òun náà ló tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá wàásù fún wa."

Akẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dúró gbọin. "Ẹrú ni? Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi rí."

Láti ìgbà náà, màmá mi á pọn ọmọ, wọ́n á bá mi lọ síbi iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá arúgbó kọ́ wọn ní búrẹ́dì tí wọ́n ń fi wàrà kíkan pò. Màmá mi náà gbé ògì gbígbóná lọ, ìyá náà tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó fẹ́ jọ èyí tí ìyá àwọn máa ń sè. Wọ́n lá a tán. Inú dókítà wọn dùn pé oúnjẹ ti ń wù wọ́n jẹ. Inú tèmi kọjá dídùn, torí ẹ̀rín màmá mi ti padà sínú ilé wa.

Nígbà tí màmá mi fẹ́ padà sílé, ìyá arúgbó ní àfi kí àwọn sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfuurufú ní College Park. Ọ̀gá wa gbà. Màmá mi dì wọ́n lọ́wọ́ mú, wọ́n fi Yorùbá ṣàdúrà fún wọn. Ìyá náà kò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ibi tó yẹ ni wọ́n ti ń ṣe àmín. Mo dúró tì wọ́n pẹ̀lú ọmọ lápá, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.