Ogójì Ọjọ́ Lórí Kàlẹ́ńdà Àwọn Ará Róòmù

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyàwó mi fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní League City, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, ní èdè Látìn. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ilé, wọ́n á rẹ́rìn-ín pé obìnrin Ìjẹ̀bú ń kọ́ òyìnbó ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé kàlẹ́ńdà ńlá kan wálé láti kíláàsì rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíṣìnnì. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ yà á: oṣù méjìlá ti àwọn ará Róòmù ìgbàanì, pẹ̀lú àlàyé wẹ́wẹ́ lábẹ́ àwọn ọjọ́ wọn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń mu tíì níwájú rẹ̀ láìkà á.

Ó kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàlá oṣù Jánúárì.

Nínú ìjọ Aládùúrà wa, a gbà pé ẹni tó kú kì í jìnnà sílé títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Lọ́jọ́ náà la ń fi àdúrà sìn ín dé ọ̀nà. Ẹnjiníà ni mí. Inú ilé iṣẹ́ epo ní Pasadena ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, mo sì máa ń ṣe àmín sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láì fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bá táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní tútù láàárọ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ọjọ́ náà ni òórùn ìpara tó máa ń fi pa orúnkún ti ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ó wà nínú ilé ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé ọjọ́ tí yóò lọ lè kọjá, kí ó má rí ẹni sìn ín.

Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, tó ń gbé ní Spring, ló ń ṣètò àdúrà náà. Ó pè mí lórí fóònù.

“Dádì, Sátidé ni o, ọjọ́ kejìlélógún. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Fúráìdé ló pé ogójì.”

“Fóònù mi ló kà á. Ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹtàlá, Sátidé ni.”

“Fóònù rẹ kò ka ọjọ́ tó kú mọ́ ọn. Àwa máa ń kà á. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, tí a ń ná an lọ́rọọrún, orí òní la ti ń bẹ̀rẹ̀.”

“Dádì, Houston la wà. Ta ló ń ná ọjà ọrọọrún?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Kí ló dé tí a ó fi ka ọjọ́ yẹn? Mọ́mì ṣì wà láàyè láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi ni mo fún wọn lóúnjẹ.”

Ó ní àwọn ará ìjọ tó ń ṣe ṣíìfù ní Pasadena kò tiẹ̀ lè wá ní Fúráìdé, a sì fi í síbẹ̀.

Mo lọ dúró níwájú kàlẹ́ńdà kíṣìnnì láti ka ọjọ́ náà fúnra mi. Bí mo ti dúró, àwọn nǹkan tí ìyàwó mi máa ń sọ fún mi nígbà tí mo bá ti iṣẹ́ dé, tí oorun ń kùn mí, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ó ní oṣù mẹ́wàá péré làwọn ará Róòmù kọ́kọ́ ní, láti Máàṣì dé Disẹ́ńbà. Ọjọ́ òtútù tó tẹ̀ lé e kò sí nínú oṣù kankan. Èèyàn lè kú nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má lè dárúkọ oṣù tó kú. Wọ́n ní ọba kan ló wá fi Jánúárì àti Fẹ́búárì kún un, ó sì ya Fẹ́búárì sọ́tọ̀ fún ìwẹ̀nùmọ́ àti fún àwọn òkú. Lẹ́yìn náà, kàlẹ́ńdà bọ́ sọ́wọ́ àwọn àlùfáà. Wọ́n ń fa ọdún gùn fún ọ̀rẹ́, wọ́n ń gé e kúrú fún ọ̀tá, títí àjọ̀dún ìkórè fi ń bọ́ sí ìgbà tí kò sí ọkà lóko. Olórí ogun kan tún un ṣe, ó ní kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún gbogbo ọdún kẹrin. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á. Àwọn àlùfáà wá ń fi ọjọ́ náà kún un lẹ́yìn ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí wọ́n ń ka ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rí àṣìṣe náà.

“Ìjẹ̀bú ni wọ́n,” ni ìyàwó mi máa ń wí. “Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà ni wọ́n ṣe kà á.”

Mo fi ìka ka ọjọ́, mo bẹ̀rẹ̀ lórí ọjọ́ tó kú. Ìka mi dúró lórí ọjọ́ kọkànlélógún Fẹ́búárì. Ó ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ síbẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé èyí ló kẹ́yìn nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án àwọn òkú: wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn ilé òrìṣà, kò sí ìgbéyàwó, wọ́n ń gbé iyọ̀ àti búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú wáìnì lọ sí ibojì. Lábẹ́ ọjọ́ kejìlélógún, ó kọ ọ́ pé: ọjọ́ àwọn alààyè, ìdílé ń jẹun pọ̀, ìjà ń parí. Ó ti kọ gbogbo èyí tipẹ́tipẹ́ kí àìsàn tó dé.

Mo tún pe ọmọ wa, mo ka ọ̀rọ̀ náà fún un.

“Ẹ ṣe tiyín ní Fúráìdé nígbà náà, Dádì,” ó wí. “Kí gbogbo wa ṣe tiwa ní Sátidé.”

Ní Fúráìdé náà, n kò jáde. Mo rẹ búrẹ́dì sínú wáìnì, mo bu iyọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbé e sẹ́yìn ilé. Bí wòlíì wa bá rí mi, ìbáwí ni ǹ bá gbà. Mo ka Sáàmù, mo padà wọlé jókòó. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ilẹ̀kùn gáréèjì dìde fúnra rẹ̀.

Mọ́tò ìyàwó mi wà nínú gáréèjì. Mo ti yọ bátìrì inú rìmóòtù rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì tó já sí gáréèjì, oòrùn sì wọlé dé ẹsẹ̀ mi. Kò sí ẹnikẹ́ni ní títì. Ajá aládùúgbò, tó máa ń gbó gbogbo nǹkan, kò gbó.

“Ó dàbọ̀,” mo wí.

Ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi wọ bàtà, lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ pé rìmóòtù aládùúgbò lè ṣí ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Mo ti bá ẹnìkan tún irú rẹ̀ ṣe rí. Nírọ̀lẹ́, mo rìn káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, n kò gbóòórùn ohunkóhun.

Lọ́jọ́ kejì, wòlíì gbàdúrà pé kí ó lọ ní àlàáfíà. Gbogbo wa ṣe àmín, a sì wálé wá jẹun. Nígbà tí àwọn àlejò ń lọ, ọmọ wa wọ yàrá wa lọ mú ìborùn ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo lọ wò ó.

“Dádì, kí lẹ gbé kúrò níbí?”

“N kò gbé nǹkan kan.”

Ó wo ògiri, ó wo bẹ́ẹ̀dì. “Gbogbo ìgbà tí mo bá ti wá láti oṣù tó kọjá, mo máa ń rò pé wọ́n ṣì wà níbí.” Ó jókòó sí apá ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń sùn. “Ìgbà wo ni wọ́n lọ?”

“Lánàá. Ní aago mẹ́rin.”

Ó ká ìborùn náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún un ká.

“Ẹ̀ bá ti pè mí,” ó wí.

Mo jókòó tì í.