Ọ̀pá Bàbá Lẹ́sẹ̀ Ajá

Kò. Kò. Kò.

Ìró náà ń bọ̀ láti ọ̀nà oko, ó ń gba orí sìmẹ́ńtì tí à ń sá kòkó sí bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ti wọ̀ sẹ́yìn igi obì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì ṣú tán. Ó ku díẹ̀ kí á tan àtùpà. Èmi àti Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, à ń ṣa ẹ̀wà. Yèyé dáwọ́ dúró. Ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sún àpótí tó fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀nà lè là. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sínú òkùnkùn tó ń bọ̀ náà, bí obìnrin ṣe ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀:

"Kú àbọ̀ o. Ọbẹ̀ wà lórí uná."

Gbogbo irun ara mi dìde. Ìró ọ̀pá bàbá bàbá mi nìyẹn. Kò sí ẹni tó bá wa gbé rí tí kò ní mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ bàbá bàbá mi ti wà lábẹ́ sàréè níwájú ilé láti ìgbà òjò tó kọjá. Mo di etí àwo ẹ̀wà mú. Nígbà tó yá, ajá wa ló yọ, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú rẹ̀ tí wọ́n fi igi dì. Yèyé ò tilẹ̀ wo ajá náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò, bíi pé ẹnì kan ṣì kù tí kò tíì wọlé.

Emùré la wà nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń kó láti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sí Adó, níbi tí wọn ò tíì rí ilé gbé, tí ọ́fíìsì mìíràn ò sì tíì ní àga. Bàbá mi wà lára wọn. Òun àti ìyá mi há sínú yàrá kan ní Adó, wọ́n wá fi mí sọ́dọ̀ Yèyé kí n máa lọ sílé ìwé níbẹ̀. Yorùbá ilé ìwé là ń sọ nílé tiwa, a tún ń fi Gẹ̀ẹ́sì là á. Yèyé ní tirẹ̀, Èkìtì pọ́ńbélé ni: ulé, ugi, uná. Mo kọ́kọ́ ń fi rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí èmi náà fi ń pe iṣu ní uṣu, tí bàbá mi ń wò mí bí ẹni tó gbé ọmọ fún alágbàtọ́ tí wọ́n wá dá ọmọ ẹlòmíràn padà fún un.

Ẹ̀yìnlàárò ni orúkọ ajá náà. Bàbá bàbá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ajá ló ń bá wí. Aládùúgbò wa kan ló yẹ ààlà oko kòkó bàbá. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, bàbá á dúró sójúde, á fi gbogbo ohùn pe ajá, aládùúgbò náà á sì pa fèrèsé rẹ̀ dé gbà. Ṣùgbọ́n bàbá fẹ́ràn ajá yẹn. Wọ́n jọ ń lọ sóko, wọ́n jọ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ọ̀pá níwájú, ajá lẹ́yìn. Ọjọ́ tí ajá nìkan dé, Yèyé ò béèrè ohunkóhun. Ó tẹ̀lé e padà sínú oko. Abẹ́ igi kòkó ló ti bá ọkọ rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti igi bí ẹni tó ń sinmi, ọ̀pá rẹ̀ wà lórí itan. Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Ẹ̀yìnlàárò á lọ dúró lójú ọ̀nà oko, á máa wo ọ̀nà.

Ibẹ̀ náà ni tàkúté ti mú un. Ẹnì kan ló dẹ ẹ́ de ọ̀yà. Irin náà fọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, eegun tó wà lókè rẹ̀ sì ṣẹ́. Yèyé ló lọ tú u sílẹ̀, ó sì fi aṣọ pọ̀n ọ́n wálé bí ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i lẹ́yìn ẹsẹ̀.

Ẹni tí ń to eegun ni bàbá Yèyé nígbà ayé rẹ̀, Yèyé sì kọ́ ọ lára rẹ̀. Mo rò pé ọparun ló máa wá lọ. Yàrá ló wọ̀. Ó mú ọ̀pá ọkọ rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e lé ilẹ̀, ó fi àdá là á.

"Yèyé! Ọ̀pá Bàbá!" Mo ké.

"Ugi tó mọ ọ̀nà ulé ni," ó ní, kò gbójú sókè. "Jẹ́ kó mú ajá rẹ̀ rìn."

Ó fi ọ̀bẹ họ igi náà títí ó fi jọ̀lọ̀, ó tò ó yí ẹsẹ̀ ajá ká, ó fi aṣọ àlòkù tó ya tẹ́ẹ́rẹ́ dì í le dáadáa. Àwọn igi náà gùn ju ẹsẹ̀ lọ. Àwọn ló kọ́kọ́ máa ń kan ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló mú adìyẹ kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé bàbá rẹ̀: a kì í to eegun aláìsàn nìkan. Wọ́n á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n á dì í bí wọ́n ṣe di ti aláìsàn, wọ́n á máa tọ́jú àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí adìyẹ bá dìde rìn ni wọ́n ń tú igi lẹ́sẹ̀ ẹni. Adìyẹ pupa kan tó máa ń jẹ àgbàdo lọ́wọ́ mi ni Yèyé mú. Mo gbọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dún, mo sì sunkún rẹ̀ ju bí mo ṣe sunkún ajá lọ. Yèyé fi àgò bò ó lẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì ń fún un lómi.

Nígbà tí ajá wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tí ìró yẹn dún lórí sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kíní, ìpọnbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Yèyé. Láti ìgbà náà ni ìrọ̀lẹ́ ti yí padà nínú ilé wa. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, Yèyé á wẹ̀, á fi àdí para, á bu oúnjẹ sínú àwo ọkọ rẹ̀, á gbé e síbi tó máa ń jókòó sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Mo rò pé ẹ̀gẹ́ tí a rẹ fún fùfú ni, títí mo fi rí i pé ibi tí ajá bá lọ ni òórùn náà ń lọ, àti eṣinṣin. Ẹ̀yìnlàárò ń lá etí aṣọ tí wọ́n fi dì í ṣáá. Kò jẹun mọ́. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ lábẹ́ aṣọ wú bí àkàrà, wọ́n sì yà síra wọn. Mo fọwọ́ kàn wọ́n lọ́jọ́ kan nígbà tó ń sùn. Wọ́n tutù bí ikùn àmù.

"Yèyé, ọmọ ìka rẹ̀ tutù. Ẹ jẹ́ ká tú u wò."

"Adìẹ è tíì dìde," ó ní.

Bàbá mi dé láti Adó lọ́jọ́ Sátidé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ajá, ó sì yára fa imú sẹ́yìn. "Yèyé, ẹsẹ̀ yìí ń rà o. Ẹ jẹ́ n gbé e lọ bá dókítà ẹran l'Adó."

"Ṣé adìẹ ti dìde ni?"

Bàbá mi wo àgò lẹ́yìn ilé ìdáná. Àgò náà wà níbi tó wà, kò mì. Ó kàwé o, ṣùgbọ́n inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí. Wọ́n ti fi adìyẹ wo apá òun náà sàn rí. Ó nu ọwọ́, ó dìde. Kó tó gun ọ̀kadà padà lọ síbi mọ́tò, ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní kí n máa ṣọ́ Yèyé. Mo rò pé ó fẹ́ sọ pé ajá ni.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo lọ da àgbàdo fún adìyẹ. Mo gbọ́ tó ń ta ilẹ̀ lábẹ́ àgò, wàràwàrà. Mo fàyà lélẹ̀, mo yọjú láàárín ọ̀pá àgò. Adìyẹ náà dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, kò sí igi lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Igi rẹ̀ kéékèèké wà lẹ́bàá ògiri, okùn wọn sì ti gbẹ. Adìyẹ kì í tú ara rẹ̀. Yèyé ló tú u, ó sì tún da àgò bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà rí i tó ń rìn. Kò sẹ́ni tó là á yé mi, síbẹ̀ ó yé mi. Bí igi bá kúrò lẹ́sẹ̀ ajá, ìró náà á kúrò nínú ilé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìró náà ń bọ̀. Kò. Ó dúró. Kò. Ó tún dúró, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, nǹkan ṣubú. Ẹ̀yìnlàárò ti dùbúlẹ̀ sáàárín sìmẹ́ńtì kòkó, ahọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Wọlé," Yèyé ní. "Wọlé, ọkọ mi."

Ìgbà náà ni mo rí àgò.

Ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Kò sí afẹ́fẹ́, ewé kan ò mì. Àgò náà ń wọ́ ilẹ̀ bọ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń gba àárín àgbàlá bọ̀ lójú àṣálẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé adìyẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú mi ló rí adìyẹ náà lọ́sàn-án, mo sì mọ̀ pé àyà rẹ̀ ló fi ń ti àgò. Síbẹ̀ mo fẹ̀yìn sún mọ́ Yèyé. Gbogbo àgbàlá ló ní láti rìn sí, ẹ̀gbẹ́ ajá ló wá dúró sí. Títí di òní n kò mọ ìdí rẹ̀.

Yèyé ti dìde. Ó wo àgò náà títí, èékánná rẹ̀ wọ mí léjìká.

"Mo gbọ́," ó ní. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. "Mo gbọ́ o. Ó tó." Ó wá yíjú sí mi. "Gbé ọ̀bẹ wá, ọmọ mi. Gbé omi gbígbóná dání."

Ó gé aṣọ náà ní ìpele-ìpele. Èyí tó kẹ́yìn ti lẹ̀ mọ́ ara, a ń da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i títí ó fi gbà. N kò ní sọ òórùn rẹ̀. Igi ti jẹ wọ ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irun ti bó, ọmọ ìka tó wà létí ti dú, ó sì bá aṣọ jáde tòun ti èékánná. Ẹ̀yìnlàárò fi ẹnu gbá ọwọ́ Yèyé mú, eyín rẹ̀ wà lára awọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bù ú jẹ. Ó kàn dì í mú bẹ́ẹ̀, ó ń wò ó lójú. Yèyé bú sẹ́kún.

"Mo sọ ọ́ di ọ̀pá," ó ní. "Ẹlẹ́mìí bíi rẹ, mo sọ ọ́ di ọ̀pá."

A ò mọ̀ bóyá yóò yè. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Yèyé ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀ náà, ó ń fi oyin ra ojú egbò, èmi sì ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin. Bàbá mi gbé oògùn aláwọ̀ àlùkò kan wá láti Adó, ó sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ kan kí a fi bo ẹsẹ̀ ajá kó má baà fi kan iyẹ̀pẹ̀. Yèyé kọ́ mi pé kí n tó wo nǹkan mìíràn, kí n kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ àwọn ọmọ ìka tó kù. "Ẹsẹ̀ tó tutù kì í parọ́," ó ní. Àárọ̀ kan, mo tẹ̀ wọ́n, wọ́n lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo pariwo débi pé aládùúgbò wa ṣí fèrèsé.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí kò sí igi ni mo fẹ́ sọ. Yèyé ti kó gbogbo àfọ́kù ọ̀pá náà lọ tò sórí sàréè. Ó wẹ̀, ó fi àdí para, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe rẹ̀. Oòrùn wọ̀. Ilé dákẹ́. Ó tẹ́tí, ó tẹ́tí, ojú rẹ̀ wá dà bíi ti ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé ìwé. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi tí mo fẹ́ lọ gbá igi mọ́ sìmẹ́ńtì fún un.

Ẹ̀yìnlàárò wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò tíì lè dìde. Lójijì ó gbórí sókè. Etí rẹ̀ nà. Ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹní, bó ṣe máa ń nà án fún ẹnì kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ ń tẹ̀lé nǹkan: láti ọ̀nà oko, lórí sìmẹ́ńtì kòkó, wá sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, wá sọ́dọ̀ wa. Kò sí ìró kankan. N kò rí nǹkan kan. Yèyé wo ojú ajá náà bó ṣe ń lọ, ó sì sún àpótí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kú àbọ̀ o," ó ní. "N kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ."

Èmi náà sún.

Yèyé ti lọ, ajá náà ti lọ, ayálégbé ló wà nínú ilé yẹn báyìí. Nígbà tí ọmọ mi bọ́ lórí igi gúáfà níbí ní Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dókítà di apá rẹ̀ tó ṣẹ́, nọ́ọ̀sì ní kí n jẹ́ kó sùn, nítorí mo ń tẹ orí ìka rẹ̀ ṣáá láti mọ̀ bóyá ó tutù. Láti ìgbà tí mo ti sin ọkọ mi ni ohun tí Yèyé ṣe ti yé mi tán. Bàtà ọkọ mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò sì jẹ́ kí ọmọ kankan wọ̀ ọ́ rìn nínú ilé, bí ó ti wù kí ó wù mí tó láti gbọ́ ìró rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń sún àga mi. Àwọn ọmọ á ní, "Màmá, ta lẹ sún fún?" Mo máa ń sọ fún wọn pé kí atẹ́gùn lè wọlé ni. Ṣùgbọ́n kí n tó sún, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú ajá wa.