Kókó Tí Mo Ta Sọ́wọ́ Sàrátù

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ ohun tí okùn òwú bíńtín fojú mi rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ tí mo bá rántí, àyà mi ṣì ń já.

Ayé òyìnbó ni, a ò tíì gba òmìnira. Èbúté Ìkòròdú nilé wa, bàbá mi sì ń pẹja lọ́sà. Sàrátù ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, àmọ́ ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ń gbé ní àdúgbò wa. A jọ ń lọ sílé ìwé, a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, a jọ ń jẹ ìyà pípẹ́ dé ilé ìwé.

Nígbà yẹn, àwa ọmọbìnrin kíláàsì wa máa ń fi òwú hun ẹ̀gbà ọwọ́ fún ara wa. Ẹni tí o bá hun tìrẹ fún, òun ni kòríkòsùn rẹ. Ọwọ́ Sàrátù mọ iṣẹ́ náà jọjọ! Kókó tó bá ta á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì dán. Tèmi ńkọ́? Gbágungbàgun! Kókó kan á yọ síta, èkejì á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Sàrátù a máa sọ fún mi pé kí n yé fa òwú bí ẹni tó ń bá a jà. Ó ní kí n di okùn àárín mú dáadáa, kí n rọra fa èyí tó ń yí i ká sókè, kí n ta á lẹ́ẹ̀mejì, agbára tí mo bá fi ta ti àkọ́kọ́ náà ni kí n fi ta ìkejì. Ṣé mo gbọ́? Ọmọ apẹja ni mí, kókó àwọ̀n ni mo mọ̀, kókó tí ẹja ńlá ò lè tú. Mo ní tèmi ló lágbára jù.

Lọ́jọ́ kan ni àǹtí rẹ̀ bá sọ pé Sàrátù ń padà sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa bá a fọ ẹja, kó máa bá a yan án. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù! A sunkún títí ojú wa fi wú.

Mo pinnu pé màá hun ẹ̀gbà tí kò ní já láéláé fún un. Mo yọ́ wọ yàrá tí bàbá mi ń kó nǹkan iṣẹ́ sí, mo gé nínú òwú àwọ̀n tuntun. N kò tọrọ rẹ̀ o, mo jí i ni. Mo fi kókó àwọ̀n hun ún, mo sì so ó mọ́ Sàrátù lọ́wọ́ ọ̀tún pinpin. Ó ní ó ti fún jù. Mo ní bí kò bá fún, yóò bọ́ sọ́sà. Mo tún mú un búra pé ọ̀bẹ ò ní kàn án láé, pé ẹni tó bá gé e, òun ló gé ọ̀rẹ́ wa. Ẹnu èmi yìí ni ìbúra yẹn ti jáde!

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí Sàrátù lọ tí mo bá bàbá mi lẹ́yìnkùlé, ó ń rẹ òwú àwọ̀n tuntun sínú omi. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní òwú tí kò bá tíì mumi, tí èèyàn bá fi ta kókó ní gbígbẹ, ọjọ́ tó bá kan omi ni yóò súnkì. Kókó á fún mọ́ra, kò sì sẹ́ni tí yóò lè tú u mọ́.

Ẹ gbà mí! Sàrátù tó ń ti ọwọ́ bọ omi ẹja láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́!

Mo ní kí n dán an wò. Mo so òwú tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, mo ti ẹsẹ̀ bọ inú korobá omi. N kò tíì fọ abọ́ tán tí ìka náà fi pọ́n, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Bíléèdì ni mo fi gé e kúrò.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ Sàrátù nìkan ni mo ń rò. Ta ni kí n sọ fún? Tí mo bá sọ, mo ti jẹ́wọ́ olè nìyẹn. Ẹ wo ìwà mi: mo ń gbàdúrà kó ti gé e, mo tún ń gbàdúrà kó má gé e.

Lọ́jọ́ kan ni Ìyá Rábì, tó máa ń gbé ẹja yíyan wá láti Ẹ̀pẹ́, sọ fún ìyá mi pé ọwọ́ Sàrátù ti wú, kò lè fi di nǹkan mú. Àwọn ará ilé rò pé ẹja àrọ̀ ló ta á. Ó fi aṣọ wé ọrùn ọwọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tú u, á ké tòò.

 Gbogbo wọn ń wá ẹja tó ta á, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹja!

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti ń retí pàṣán. Kò nà mí. Ó kàn béèrè ìgbà tí mo so ó. Mo ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ló bá dìde lọ wo ọkọ̀ rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, a ta ìgbòkun, a kọrí sí Ẹ̀pẹ́. Afẹ́fẹ́ ò tó nǹkan. Mo rò pé a ò ní dé láéláé. Bóyá wọn yóò ti gé ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí n tó débẹ̀! Oòrùn dé àtàrí. Bàbá mi fa okùn ìgbòkun mọ́ra, ó ní, "Bọ̀sẹ̀, ohun tí a bá fẹ́ pa là ń ta kókó àwọ̀n fún."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju pàṣán lọ.

A dé ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà Sàrátù mú mi wọlé. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe rí mi, kò kí mi, kò béèrè ohun tó gbé mi wá. Ó ní, "Bọ̀sẹ̀, mi ò gé e o!"

Mo bú sẹ́kún. Mo ní èmi ni mo ní kó búra, èmi náà ni mo wá ní kó pa ìbúra náà tì. Ìgbà yẹn ló tó na ọwọ́ sí mi, ó ní èmi nìkan ni kí n gé e. Mo tú aṣọ náà. Ẹran ara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo òwú mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà ti egungun ẹja pẹlẹbẹ kan sábẹ́ rẹ̀, kí bíléèdì má baà bá ara. Mo gé e. Àpá kókó gbágungbàgun mi tò yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n gbé e lọ sí dísípẹ́ńsárì, wọ́n ń wẹ ojú egbò náà lójoojúmọ́, ó sì jinná. Kí n tó padà sílé, Sàrátù tún kọ́ mi ní kókó. Ọwọ́ òsì ló fi ń júwe. A rẹ òwú sómi, a sá a gbẹ, mo di okùn àárín mú, mo rọra fà á. Nígbà tí mo fẹ́ so ó mọ́ ara mi lọ́wọ́, ó ki ìka kan bọ abẹ́ rẹ̀, ó ní àyè ìka yẹn ò gbọdọ̀ kúrò. Àfi bíi pé kókó náà ti ń dúró dè mí ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ!

Àmọ́ ìka ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò bọ̀ sípò tán. Títí di òní, kò mọ gbígbóná, kò mọ tútù. Ìka Bọ̀sẹ̀ ló ń pè é. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ rò pé orúkọ tí gbogbo ayé ń pe ìka náà nìyẹn!

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kó má bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń so nǹkan mọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ fi àyè ìka kan sílẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ìfẹ́ yín ti ṣe léṣe rí, tí kò sì sọ̀rọ̀? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Èmi àti Sàrátù la máa jọ kà á, ìka Bọ̀sẹ̀ ni yóò sì máa fi tọ ìlà.