Ọjọ́ Tí Wọ́n Dá Àmì Àyọlò Mi Padà

Iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ni mo gbà. Iṣẹ́ àmì àyọlò ni.

A ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí àwọn olùkọ́ fi ń ṣírò èsì ìdánwò. Àwa tí a ń kọ kóòdù rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wà pẹ̀lú mi ní Òṣogbo, nínú iyàrá òkè kan ní Òkè Baálẹ̀. Ọ̀gá wa wà ní Iléṣà. Ọmọbìnrin ni. Bí mo bá tètè bímọ, ǹ bá ti bí i.

Nínú kóòdù, a máa ń kọ àlàyé sí abẹ́ orí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ohun tí iṣẹ́ náà wà fún, bí a ṣe ń lò ó, àti àpẹẹrẹ díẹ̀. Àárín àmì àyọlò ni àlàyé náà ń gbé. Ẹ̀rọ ló máa ń kó gbogbo àlàyé wọ̀nyí jọ, á dán àwọn àpẹẹrẹ inú wọn wò, á sì fi wọ́n ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n àmì tó nàró gbọọrọ nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀. Èyí tó tẹ̀ kọrọdọ, irú èyí tó máa ń wà nínú ìwé tí a tẹ̀ dáadáa, kò mọ̀ ọ́n rárá.

Orí fóònù ni àwọn olùkọ́ tó ń bá wa kọ àlàyé ti ń tẹ̀ ẹ́. Fóònù á sì tẹ àmì náà kọrọdọ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Àwọn ọmọ wa á dà á sínú kóòdù bó ṣe wà. Bó ṣe pọ̀ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, títí ìwé ìtọ́sọ́nà kò fi lè jáde mọ́. Olùkọ́ kan ní Ifẹ̀wàrà da àpẹẹrẹ wa kọ, ó ránṣẹ́ padà pé: “Ẹ̀rọ yín ń bú mi ní èdè Òyìnbó. Kí ni mo ṣe fún un?”

Ọ̀gá wa béèrè ẹni tó máa tún gbogbo àmì náà ṣe. Àwọn méjèèjì wo òrùlé.

“Iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá nìyẹn,” ni èyí tó ga nínú wọn wí.

Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi.

Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo kọ́kọ́ kọ́, mo sì ti gbéyàwó kí n tó jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ìyàwó mi ló máa ń jí mi ní ìdájí kí n lè kàwé kí a tó kírun Àsùbá. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga pẹ̀lú àwọn tó lè jẹ́ ọmọ mi. Ìyàwó mi rí i. Lẹ́yìn náà ó ṣàìsàn, ó sì jáde láyé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ kóòdù nítorí pé kọ̀ǹpútà kì í bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é láti ìgbà yẹn.

Ní ilé ìtẹ̀wé, àmì tó tẹ̀ ni àmì iṣẹ́ tó mọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò jẹ́ kí èyí tó nàró jáde lábẹ́ ọwọ́ òun. Ó ní bí ìṣó ló rí. Ìṣó yẹn gan-an ni mo wá ń fi ọwọ́ ara mi kàn mọ́ kóòdù báyìí. Ó kọ́kọ́ ṣe mí bákan. Nígbà tó yá, mo rí i pé òun náà ní ẹwà tirẹ̀.

Èyí tó kúrú nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí n pàṣẹ kan péré fún kọ̀ǹpútà, kó yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dán an wò lórí ẹ̀dà kan. Níbi tí olùkọ́ ti kọ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọmọ iléèwé sáàárín àlàyé, àmì inú bá ti ìta dọ́gba, ẹ̀rọ sì rò pé àlàyé ti parí níbẹ̀. Ó wá fẹ́ fi ìyókù ṣe kóòdù. Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Àfi kí ènìyàn máa kà á.

Mo kà á. Mo parí apá kìíní, mo fi ránṣẹ́.

Àṣà ibi iṣẹ́ wa ni pé ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ wò kó tó wọ inú kóòdù gbogbogbòò. Kí n tó mu omi tó wà níwájú mi tán, àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sí i.

“Dádì, ẹ kú iṣẹ́! Ó dára gan-an ni.”

“Ọwọ́ yín ò ní rọ, sà.”

Iṣẹ́ náà wọlé. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà pọ́n. Ètò náà kò ṣiṣẹ́ mọ́ rárá. Mo wò ó. Ojú ewé àkọ́kọ́ gan-an ni àṣìṣe wà: mo fi àmì mẹ́ta ṣí àlàyé kan, méjì ni mo fi tì í. Ẹni tó bá là á lásán á rí i. Wọn kò là á. Wọ́n kí mi ni.

Ọ̀gá wa pè láti Iléṣà. Ó bú àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi gbé fóònù jìnnà sí etí. Nígbà tó kàn mí, ohùn rẹ̀ rọ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rọ yìí ló ń ṣe wèrè.”

Ẹ̀rọ kò ṣe wèrè. Nígbà tí mo fi ti mọ́sálásí dé lẹ́yìn ìrun Ayìlá, ọ̀gá wa ti bá mi tún un ṣe, ó sì fi orúkọ mi sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Ìyẹn ló dùn mí. Mo ti rí bó ṣe ń kọ̀wé sí abẹ́ iṣẹ́ àwọn yòókù. “Èyí ò dáa.” “Kí lò ń rò?” “Lọ tún un ṣe.” Wọ́n máa ń ráhùn, wọ́n á sì tún un ṣe, ọwọ́ wọn sì ń dá sí i lójoojúmọ́. Mo jowú wọn. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Èmi, àlejò pàtàkì ni mo jẹ́. Bí yóò bá rí bẹ́ẹ̀ lọ, mo mọ̀ pé màá padà sílé, màá sì jókòó. Mo ti jókòó tó.

Mo wọ ọkọ̀ Iléṣà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọ̀ọ̀dẹ̀ ìyá ọ̀gá wa ni mo ti bá a, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan. Ìyá ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ kúnlẹ̀ kí mi, ó sì sáré lọ bu omi.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé kò sí o?”

“Kò sí. Iṣẹ́ mi ló gbé mi wá.”

“Ó ti dára, sà. Mo ti—”

“O ò dá a padà fún mi. O bá mi ṣe é.”

Ó gbé ife sílẹ̀. “Sà, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ka ohun tí mo bá kọ síbẹ̀. Ẹ ju bàbá mi lọ. Kí n wá kọ ọ́ síta pé iṣẹ́ yín ò dáa? Wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé.”

“O máa ń kọ ọ́ sí àwọn yẹn.”

“Àwọn yẹn!” ló wí. “Àwọn yẹn ò gbọ́n, sà.”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ìjẹ̀ṣà ni ìyá rẹ̀ fi dá sí i. Bó ṣe yé mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

“Ó ní kí o bá òun wí, ìwọ ń bẹ̀ ẹ́. Láti Òṣogbo ló ti wá o! Ṣé kó wọkọ̀ padà láìjẹ ẹgba kan ṣoṣo?”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Kí ni mo ṣe? Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, bàbá kan wà láàárín wa, ó ju ọ̀gá wa lọ. Bí aṣọ rẹ̀ ò bá dáa, ọ̀gá á kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Á ní ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, sà. Á wá dìde, á sì tú aṣọ náà pátápátá.”

“Ṣé inú kì í bí i?” ni mo bi í.

“Ó máa ń bí i. Ó sì mọṣọ rán.”

Ọ̀gá mi wò mí. “Ẹ ò ní bínú, sà?”

“Bí mo bá bínú, màá dákẹ́.”

“Bí ẹ ṣe máa ń dákẹ́ náà nìyí. Báwo ni màá ṣe mọ ìyàtọ̀?”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe fẹnu kò nìyẹn: kó kí mi bó ṣe yẹ, kó wá tú u.

Mo padà sí Òṣogbo, mo mú apá kejì. Mo sọ fún àwọn ọmọ méjèèjì pé ẹni tó bá tún fọwọ́ sí iṣẹ́ mi láìkà á, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni. Mo ṣiṣẹ́ náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, ojú ewé dé ojú ewé. Níbi tí kóòdù ti ń ka àmì, mo nà án. Àlàyé tí ẹnì kan fi àmì kan ṣí, tí ẹlòmíràn fi mẹ́ta ṣí, mo sọ gbogbo wọn di mẹ́ta. Nígbà tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo fi ránṣẹ́.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka iṣẹ́ mi.

“Dádì,” ni èyí tó kúrú wí, ó sì nà sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ sá, “ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú o. Ó dà bí ẹni pé ẹ fo ẹyọ kan níbí yìí.”

“Kọ ọ́ síbẹ̀.”

“Kí gbogbo wọn máa kà á?”

“Kọ ọ́.”

Ó kọ ọ́. Kí Alásárì tó tó, ti Iléṣà náà dé. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, sà. Mo kúnlẹ̀ o.” Lẹ́yìn ìyẹn, kò kúnlẹ̀ mọ́.

“Ìlà yìí ò dáa.”

“Kí ló dé tí ẹ fi yí ọ̀rọ̀ olùkọ́ padà níbí? Àmì nìkan ni mo ní kí ẹ tún ṣe.”

“Èyí kò bá ti òkè mu. Ẹ mú ọ̀kan.”

“Ẹ fi èyí tó tẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ iléèwé. Kí nìdí?”

“Mi ò lè gbà á báyìí. Ẹ lọ tún un ṣe.”

Ó fi ránṣẹ́ padà. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún un kà. Mo na apá mi méjèèjì sókè bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

“Ọ̀gá ti gbá Dádì lẹ́gba!” ni èyí tó ga pariwo.

“Dádì, ẹ káàbọ̀ sí ẹgbẹ́ wa,” ni ìkejì wí. “Ṣé ó ń ta yín?”

“Ó ń ta mí.”

Ó ń ta mí lóòótọ́, ó sì dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Ọ̀rọ̀ olùkọ́, mo dá a padà sí bó ṣe wà. Mi ò ní àwíjàre. Ìlà tí kò bára mu, mo mú ọ̀kan. Ṣùgbọ́n lórí àmì tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ iléèwé, mi ò gbà. Mo kọ ọ́ pé ojú ènìyàn ló máa kà á níbẹ̀, ẹ̀rọ kò bá a ṣe nǹkan kan, àti pé bí a bá nà án, àlàyé á já.

Ó kọ́kọ́ dán an wò fúnra rẹ̀ kó tó fèsì.

“Ó yé mi. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ìyókù ńkọ́?”

Ìyókù gba ọjọ́ mìíràn. Ó tún dá a padà, pẹ̀lú ìkíni, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú àṣìṣe kan tí mo ti rò pé mo tún ṣe. Àwọn ọmọ ti dákẹ́ àwàdà, nítorí àwọn náà ti fẹ́ kó gbà á. Mo tún un ṣe, mo fi ránṣẹ́. Èyí tó kúrú ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tó ti kà á tán, mo rí i bó ṣe ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wa ṣe ìkejì.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn àpẹẹrẹ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sẹ́yìn àga, a ò jókòó. Àwọ̀ ewé títí dé ìsàlẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lódindi, àmì rẹ̀ nàró bí àwọn ọmọ iléèwé lórí ìlà láàárọ̀.

Èmi tí àwọn ará àdúgbò kì í gbóhùn mi, mo jáde sí bákónì, mo pariwo. Obìnrin tó ń ta ọṣẹ nísàlẹ̀ gbójú sókè.

“Bàbá, ṣé kò sí o?”

“Wọ́n gba iṣẹ́ mi!”

“Alihamudulilahi! Ìjọba ni?”

“Rárá. Ọ̀gá mi ni!”

Ó kí mi kú oríire bí ẹni pé ọmọ mi ló ṣègbéyàwó. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì tún dúpẹ́.

Nígbà tí mo wọlé padà, ìwé ti dé láti Iléṣà. Apá kẹta ni, òun ló sì gùn jù, àwọn olùkọ́ Òṣú ló kọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ pé: “Èyí tó kàn nìyí, sà. Ẹ tètè ṣe é, ẹ má sì tún fo ẹyọ kankan.”

Mo wò ó bóyá “ẹ jọ̀ọ́” wà níbẹ̀. Kò sí. Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀.